Àbẹ̀kẹ́, Obìnrin Tó Ń Kọ Ìwé Kọ́bọ́ì

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ṣakí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. Ṣé òótọ́ ni pé òtútù ibẹ̀ ń ta ènìyàn létí? Ṣé mo rí àwọn ilé gogoro Atlanta? Mo rí wọn láti ojú fèrèsé ọkọ̀, a sì kọjá lọ. Kì í ṣe ilé ni mo tìtorí rẹ̀ wọ bàálù. Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ ni mo lọ wò, ẹni tí mo ti kẹ̀yìn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì jẹ́ pé lónìí, bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, ṣe ni orí mi ń wú.

Ẹ̀yin àgbà ìlú ò ní gbàgbé Bàbá wa, oníṣòwò màlúù. Nígbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń da màlúù láti òkè ọ̀hún wá sí ọ̀dọ̀ wa, Bàbá a sì gun ẹṣin lọ pàdé wọn lọ́nà. Nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló máa ń gbé sẹ́yìn ara rẹ̀. Ìyá wa a ní, "Ọmọbìnrin kì í gun ẹṣin." Bàbá a dáhùn pé, "Èyí ti gùn ún ná."

Nígbà tó dàgbà, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkọ náà ṣaláìsí níbẹ̀, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tọ́ ọ. Èyí ni gbogbo ìlú mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni pé láàárín iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn, ó kọ ìwé mẹ́sàn-án tí wọ́n kà káàkiri Amẹ́ríkà. Ìwé kọ́bọ́ì ni gbogbo wọn, ìtàn àwọn tó ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń da agbo màlúù la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá, tí ìbọn ń bẹ ní ìbàdí wọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin nìkan ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé tó gba tirẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà, òun náà sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Èmi mọ̀. Ó fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ mi ṣì gbóná. Mo wo ẹ̀yìn ìwé, mo rí ẹṣin, mo rí fìlà, mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì kọ lẹ́tà sí i pé, "Ìtàn ará ibòmíràn lẹ ń kọ. Nígbà wo lẹ máa kọ tiwa?" Kò fèsì. Kò sì fi ìwé kankan ránṣẹ́ mọ́.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tó pè mí lórí fóònù lọ́dún tó kọjá, tó ní, "Fọlákẹ́, wá. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kò sì ṣeé bi lórí fóònù."

*Ọkọ tó wà níta*

Bùnmi ọmọ rẹ̀ ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ń ṣiṣẹ́ apoògùn nílé ìwòsàn kan ní Decatur. Ó kúnlẹ̀ sáàárín èrò, inú mi dùn.

"Aunty Fọlákẹ́! Ẹ káàbọ̀ o! How was the flight?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n gba box yín. Ọkọ mi wà níta."

Mo dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Bùnmi ti lọ́kọ. Mo tún ìborùn mi ṣe, mo nu ojú mi, mo sì ń ro àdúrà tí màá gbà fún ọkùnrin náà. A rìn títí a fi dé ibi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kan. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?" mo bi í.

Ó na ọwọ́ sí ọkọ̀. "Òun nìyí, ma. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wash ẹ ni."

Mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹ̀ṣọ́ kan fi wá bi wá bóyá ara mi yá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Bùnmi sí. Ọ̀rọ̀ wa ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ohùn ló ń sá fún un.

Ẹni bá ní Atlanta jẹ́ ìlú sìmẹ́ńtì, irọ́ ló ń pa. Igi ni Atlanta. A wà lójú títì tó fẹ̀ ju pápá ìṣeré lọ, síbẹ̀ bí mo bá wo ọ̀tún, igbó ni, bí mo bá wo òsì, igbó ni, ilé kàn ń yọjú láàárín ewé bí ẹni tó ń ṣọ́ ènìyàn.

*Austell*

Austell ni Ẹ̀gbọ́n ń gbé, níbi tí ilé wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú koríko gígẹ̀ níwájú. Kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Tọ̀sántòru ni irin ń lu irin níbẹ̀, tí fèrè ọkọ̀ sì ń ké. Ó ń dà mí láàmú. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò lè kọ̀wé bí kò bá ké.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó ti rù. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá mi mú, ó fa ojú mi mọ́ ojú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, mo rò pé ìfẹ́ nìkan ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

"Wò ó, o ti di Màmá," ó ní.

"Ojú ìyá wa ni mò ń wò yìí, Ẹ̀gbọ́n," ni mo dá a lóhùn. Àwa méjèèjì sunkún díẹ̀, a sì wọlé lọ jẹun.

Oúnjẹ wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní grits, ògì àgbàdo ni, àmọ́ ó ki, ó sì ní hóró. Wọ́n da edé àti bọ́tà lé e. Mo ń wo orí tábìlì.

"Aunty, kí lẹ ń wá?"

"Ṣúgà ni."

Bùnmi pariwo. "Sugar nínú grits! Aunty, ẹ má jẹ́ kí neighbours gbọ́ o, wọ́n á lé wa kúrò ní Georgia."

Ìwà àwọn ènìyàn ibẹ̀ ya mí lẹ́nu. Wọ́n ń kíni ju bí mo ṣe rò lọ. Gbogbo ẹni tí mo pàdé ló ń bi mí bóyá mo wà dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé orúnkún mi fún un. Nígbà tí mo fi dé orí orúnkún òsì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkóríta. Ìkíni ni, kì í ṣe ìbéèrè. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ bi mí ibi tí ọkọ̀ mi bàjẹ́ sí. Ní tiwọn, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, nǹkan ti ṣe é ni. Ó ń pè mí ní "ma'am" lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo dúpẹ́, mo sì ń rìn mi lọ. Ó ń wò mí títí mo fi yà.

*Ohun tó bi mí ní Duluth*

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, a lọ ra oúnjẹ ní Duluth, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Pleasant Hill. Ará Korea ló ni ilé ìtajà náà. Iṣu wà níbẹ̀, ata gbígbẹ wà níbẹ̀, ẹja oríṣiríṣi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gíláàsì. Ìyá Korea kan rí i pé mò ń fi èékánná ha iṣu wò, ó mi orí, ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní òmíràn tó sàn jù ú lọ. A kò gbọ́ èdè ara wa. Iṣu náà dára.

Bùnmi ń kó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti jókòó sínú.

"Fọlákẹ́," ó ní, "ṣé o ka ọ̀kankan rí nínú wọn?"

Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo lè purọ́. "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyí. Bùnmi fẹ́ràn mi jù, kò lè sọ òótọ́ fún mi. Ìwọ lè sọ ọ́."

Ó wá là á yé mi. Ilé ìtẹ̀wé mìíràn fẹ́ tún gbogbo ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tẹ̀, ní ẹ̀dà tuntun. Orúkọ tó wà lára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lò. Nígbà tó fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀, olóòtú ìgbà náà ní kò sẹ́ni tó máa ra ìtàn kọ́bọ́ì lọ́wọ́ obìnrin, ká má tiẹ̀ wá sọ obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ó mú bírò, ó la orúkọ náà sí méjì bí ẹni la obì: Abe, Kay. Orúkọ ọkùnrin ni Abe lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ya àwòrán aláwọ̀ funfun kan pẹ̀lú fìlà àti irùngbọ̀n sẹ́yìn ìwé. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ láti tọ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n ka ìtàn òun. Ó gbà.

"Wọ́n fẹ́ ìdáhùn mi ní Mọ́ńdè," ó ní. "Bí mo bá ní orúkọ mi ni mo fẹ́, wọ́n lè pa gbogbo rẹ̀ tì, kí ìwé mi sì kú kí n tó kú. Bí mo bá ní kí Abe Kay máa lọ, ìwé á wà, èmi ni kò ní sí. Lọ kà á. Bí kò bá jẹ́ ìwé wa, sọ fún mi, màá jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa mú un lọ."

Bùnmi ti wọlé, ó ti gbọ́. "Mummy, please, ẹ kàn sign. It's the brand. Àwọn readers yín mọ Abe Kay."

Ẹ̀gbọ́n yíjú síta. Fèrèsé ló ń wò títí a fi délé.

*Ọjọ́ tí mo kàwé*

Mo kó àwọn ìwé Ẹ̀gbọ́n wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò le. Ìtàn opó aláwọ̀ dúdú kan ni ìwé àkọ́kọ́, tí ọkọ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà, tó sì gbọ́dọ̀ da agbo màlúù náà dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ojú ìwé kẹrin, opó yìí jókòó sórí àpáta ńlá kan, ó ń wo eruku màlúù tó ń bọ̀ lókèèrè. Mo dúró. Mo mọ àpáta yẹn. Ìdí òkè Asabari ni, níbi tí àwa ọmọdé ti máa ń wo ọ̀nà Bàbá. Ní ojú ìwé kọkàndínlógún, ọkùnrin kan dínà fún opó náà, opó sì dá a lóhùn pé, "Bí o ò bá ní bá mi gbé e, kúrò lọ́nà fún mi." Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ẹnu ìyá wa ló ti jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá yẹn bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ka ìwé náà tán, mo sì ka ìdajì òmíràn. Ojú ti mí. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé, ẹ̀yìn ìwé ni mo wò tí mo fi dá ẹjọ́.

Mo bá a nílé ìdáná, mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, Ṣakí ni. Gbogbo rẹ̀, Ṣakí ni. Tiwa lẹ ń kọ láti ọjọ́ yìí, èmi ni mi ò mọ̀."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Dìde," ó ní. "Orúnkún rẹ."

*Àwọn onífìlà ní Decatur*

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan ní Decatur wà, aládùúgbò Ẹ̀gbọ́n àtijọ́, tó mọ àṣírí náà. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí kó wá kí àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì gbà nígbẹ̀yìn. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé Abe Kay ń bọ̀ ní Sátidé. Láti òwúrọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ pé òun ò lọ mọ́. Nígbà tó yá, ó wọ ìró àti bùbá, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà funfun pẹlẹbẹ tó fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a sì lọ.

Bí ogójì ènìyàn ló wà níbẹ̀, àgbà ọkùnrin ló pọ̀ jù. Èyí tó dàgbà jù jókòó níwájú, fìlà fífẹ̀ lórí orúnkún, bàtà gígùn lẹ́sẹ̀. Láti Alabama ló ti wa ọkọ̀ wá. Ó yíjú sí Bùnmi, ó bi í ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Kay máa dé. Bùnmi ní, "Soon, sir," ó sì na ọwọ́ mú ọwọ́ mi.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé náà ní, "Abe Kay nìyí." Ẹ̀gbọ́n dìde.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó dákẹ́. Ọkùnrin méjì dìde lẹ́yìn, wọ́n jáde lọ. Lẹ́yìn náà ni baba Alabama náà dìde pẹ̀lú. Mo rò pé òun náà ń lọ ni.

Kò jáde. Ó ní, "Ma'am, nínú ìwé àkọ́kọ́, obìnrin opó yẹn tú agogo kúrò lọ́rùn akọ màlúù, ó so ó mọ́ abo àgbà kan lọ́rùn, abo yẹn ló sì mú gbogbo agbo dé odò. Mo dán an wò nínú oko mi lọ́dún tí ọ̀dá mú wa. Ó ṣiṣẹ́. Mo ti bi gbogbo olùsìn màlúù tí mo mọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Ta ló kọ́ yín?"

Ó ń dán an wò ni. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n na ara rẹ̀ ró. "Bàbá mi ni, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Ṣakí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹṣin. Ọ̀dá mú, òùngbẹ ti ń ya àwọn màlúù ní wèrè. Bàbá ní akọ máa ń lọ síbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n abo tó ti bímọ kì í gbàgbé ibi tí òun ti rí omi fún ọmọ rẹ̀."

Baba náà ń mi orí díẹ̀díẹ̀. "Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo kọ lẹ́tà sí Ọ̀gbẹ́ni Kay pé kó wá bá mi gun ẹṣin. Kò fèsì."

"Mo rí i gbà," Ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Opó ni èmi náà. Mo ka lẹ́tà yín títí ó fi fẹ́ ya. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dáhùn? Ọkùnrin lẹ kọ ọ́ sí."

"Ìpè náà ṣì wà nílẹ̀, ma'am." Ó fa ìwé gbígbó kan yọ, ó gbé e ka iwájú rẹ̀. "Ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Kì í ṣe orúkọ tó wà lára rẹ̀ o. Tiyín."

Ẹ̀gbọ́n fojú sún mọ́ ìwé náà kó lè ríran, ó sì kọ orúkọ tí Bàbá wa sọ ọ́. Nígbà tó gbé orí sókè, gbogbo ilé ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Mo tún un sọ fún ẹni tó wà lápá kejì, ẹni tí kò bi mí ní nǹkan kan.

Nígbà tó fi di Sọ́ńdè, ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn, níbi tó jẹ́ pé Mummy Nurse ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. "Mummy, so ẹ̀yin ni Abe Kay? My daddy had all those books ní Abẹ́òkúta o! Wọ́n ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án!"

*Orúkọ*

Ní Mọ́ńdè, olóòtú ilé ìtẹ̀wé náà pè, obìnrin tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé orúkọ òun gan-an ni òun fẹ́. Obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé òun, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kò ní mọ ẹni náà.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí," Ẹ̀gbọ́n wí. "Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí àwọn ìwé náà sùn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Bùnmi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi retí, fèrè ọkọ̀ ojú irin nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò jẹun dáadáa. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní. "Ẹ̀rù yàtọ̀ sí àbámọ̀."

Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Olóòtú náà ní wọ́n ti gbà. Orúkọ rẹ̀ ló máa wà lókè, ti àtijọ́ á wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké, aláfìlà onírùngbọ̀n á sì kúrò lẹ́yìn ìwé. Bùnmi fò sókè, ó gbé ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Olóòtú ní ìbéèrè kan ló kù: àwọn àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn, ṣé ó pọn dandan? Ayàwòrán ẹ̀yìn ìwé ń béèrè bóyá òun lè yọ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́. "Tíṣà," ó ní, "dá a lóhùn."

Mo dá a lóhùn. Mo ní bí ó bá yọ àmì kan, ẹlòmíràn ló ń pè. Mo ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún un àti ibi tí àmì rẹ̀ ń kọjú sí. Mo ní ẹni tí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó rí i kẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ lórin fún un, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́: dò, dò, mí.

Mo gbọ́ tó fa èémí.

"Dò, dò, mí," obìnrin náà kọ ọ́ padà. "Àbẹ̀kẹ́."

Ó pè é gééré.